Kẹ́ ẹ tó náwó lórí bọ́dì kíìtì l'Abẹ́òkúta: bẹ́ ẹ ṣe máa yàn án, bẹ́ ẹ ṣe máa rà á

Bọ́ńpà iwájú kan wà lẹ́yìn ilé mi ní Oníkólóbó títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ti kùn ún dáadáa, ó ń dán, kò sì tíì wọ ara mọ́tò kankan rí. Mustang 2008 ni mò ń wà. Ẹni tó ta bọ́ńpà yẹn fún mi ní "gbogbo Mustang ló bá mu, láti 2005 títí dé 2014", èmi náà ò bèèrè ìbéèrè kejì, inú mi ti dùn jù, mo ní kí wọ́n gbé e lọ bá pẹ́ńtà tààrà láìtíì gbé e dé iwájú mọ́tò. Ọjọ́ tá a fẹ́ fi sí i la tó rí i pé ti 2010 ni, ojú iná ẹ̀ yàtọ̀, ibi tó ti ń so mọ́ fẹ́ńdà yàtọ̀, kò sí bá a ṣe fẹ́ fipá mú un. Owó bọ́ńpà lọ, owó ọ̀dà lọ, ẹni tó tà á sì ní mo ti kùn ún, òun ò lè gbà á padà mọ́.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò sípọ́ọ̀tì nílùú wa níbí, ìbáà ṣe Mustang, Nissan 350Z, Toyota GT86 tàbí BMW onílẹ̀kùn méjì, tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi bọ́dì kíìtì sí i kó lè dá yàtọ̀ láàárín àwọn tó kù, ìyẹn bọ́ńpà, fẹ́ńdà àti irú wọn tí wọ́n ń fi pààrọ̀ èyí tó bá mọ́tò wá tàbí tí wọ́n ń fi kún un. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, téèpù ìwọnlẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún yín kí èmi tó sọ ọ́: ẹ wọn ọ̀nà, ẹ wọn mọ́tò, ẹ wọn owó, ẹ wá wo ẹwà gbẹ̀yìn.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń gbà

Abẹ́ òkúta là ń gbé, ilẹ̀ wa ò tẹ́jú. Ẹ jáde ní Òkè-Ìléwó ẹ bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ kúrò ní Ìtòkú ẹ tún máa gun òkè, títì ńlá lè dáa bó ṣe fẹ́ dáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sun orí títì, gbogbo wa la máa yà sí àdúgbò inú lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ pupa wà, tí òjò ti wọ́ ọ, táwọn ará àdúgbò ti fi sìmẹ́ǹtì mọ bọ́ǹpù sójú ọ̀nà láìwọn gíga ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì dé ẹnu géètì, kọnkéré orí gọ́tà tún ń dúró dè yín. Kíìtì tẹ́ ẹ rí lára mọ́tò ẹnì kan ní Dubai, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n fi lò ó.

Ohun tí mo máa ń ní káwọn èèyàn ṣe nìyí, kò sì ná yín ní nǹkan kan. Ẹ gé páálí líle kó gùn tó bí iwájú mọ́tò ṣe fẹ̀, kó wálẹ̀ tó bí líìpù tẹ́ ẹ fẹ́ rà (etí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sábẹ́ bọ́ńpà) ṣe máa wálẹ̀, ká ní ínǹṣì méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́ńpà yín. Tí líìpù yẹn bá tún yọ síwájú, ẹ jẹ́ kí páálí náà yọ síwájú bẹ́ẹ̀, tórí bí imú mọ́tò bá ṣe jìnnà sí táyà iwájú tó ló ṣe máa tètè gbá ilẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí lọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí, wọ́n á máa wo gíga nìkan. Ẹ wá wa mọ́tò lọ síbi tẹ́ ẹ máa ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ilé ìyá yín, ẹ tún gbé èèyàn mẹ́ta sínú ẹ̀ lọ́jọ́ kan kó lè wálẹ̀ dáadáa. Ibi tí páálí bá ti fàya, ibẹ̀ náà ni líìpù ti máa fàya. Ti ọ̀rẹ́ mi kan ò lò tó ọjọ́ méjì, ó sì kù díẹ̀ kó san owó líìpù onínǹṣì mẹ́rin, páálí ló gbà á lọ́wọ́ ìnáwó yẹn.

Ẹ mọ mọ́tò yín ju ẹni tó fẹ́ tajà fún yín lọ

Nọ́ńbà ṣáṣí yín, ìyẹn VIN, ó jẹ́ 17 lápapọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà ló pa pọ̀ di í, ẹ máa rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá dírébà tàbí lára ilẹ̀kùn. Mọ́tò tó bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ohun tó wà nípò kẹwàá, òun ló ń sọ ọdún rẹ̀: 8 ni 2008, 9 ni 2009, tó bá wá di 2010 ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo lẹ́tà, A ni 2010, B ni 2011, E ni 2014. Ká ní mo mọ èyí lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá ti mọ̀ pé Mustang 2005 sí 2009 àti 2010 sí 2014, ojú wọn ò jọra rárá bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìran kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n.

Mustang nìkan kọ́. GT86 tó jáde láti 2012 sí 2016 àti èyí tí wọ́n tún ojú ẹ̀ ṣe ní 2017, bọ́ńpà wọn yàtọ̀. 350Z ti 2007, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ga ju ti àwọn tó ṣáájú ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fi wú láàárín, tẹ́ ẹ bá lọ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì fáíbà ti 2004 fún un, ó lè má pa dé. BMW E46 onílẹ̀kùn méjì àti onílẹ̀kùn mẹ́rin, ẹ máa rò pé ọ̀kan náà ni, fẹ́ńdà wọn àti bọ́ńpà wọn ò gba ara wọn. Ẹ tún wo irú bọ́ńpà tó wà lára tiyín báyìí, tórí líìpù tí wọ́n ṣe fún bọ́ńpà M Sport ti BMW tàbí AMG ti Mercedes, kò ní jókòó lórí bọ́ńpà lásán, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Mustang GT àti ti V6.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, tórí Nàìjíríà la wà: ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti "upgrade" ojú ẹ̀ kó tó dọ́wọ́ yín, ìwé lè sọ 2008 kí ojú jẹ́ ti ọdún mìíì. Àwọn mìíì ti ní jáǹbá tẹ́lẹ̀ ní òkè òkun, wọ́n tún un ṣe, irin abẹ́ ẹ̀ ò padà sípò. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi téèpù wọn láti igun ọ̀tún iwájú dé igun òsì ẹ̀yìn ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, ẹ tún wọn ìkejì náà láti òsì sí ọ̀tún, kí méjèèjì dọ́gba. Tí wọn ò bá dọ́gba, ilé panẹ́ẹ̀lì bítà lẹ máa kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọjà, torí kò sí kíìtì tó máa tò lára irin tó ti wọ́, ibi ihò ọ̀tún máa há, tòsì máa la ẹnu sílẹ̀.

Apá wo lẹ tiẹ̀ fẹ́

Líìpù ni èyí tó kéré jù, abẹ́ bọ́ńpà ló ń wà. Bọ́ńpà odindi, side skirt tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ, diffuser lábẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, spoiler lórí búùtù, fẹ́ńdà. Tó bá wá di widebody, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, wọ́n máa gé fẹ́ńdà mọ́tò yín ni kí wọ́n tó fi tuntun bò ó, kò sì ṣe é dá padà. Àwọn ará Japan ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe, Wataru Kato tó ni Liberty Walk, Kei Miura tó ń ṣe Rocket Bunny, àti Akira Nakai ti RWB tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló máa ń wọ bàálù lọ bá oníbàárà láti lọ fi ọwọ́ ara ẹ̀ gé Porsche onítọ̀hún. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ wọn gan-an. Àmọ́ tí wọ́n bá gé fẹ́ńdà, ó pọn dandan kí wẹ́dà jó irin inú àti ti ìta tí wọ́n gé pọ̀ padà, kí wọ́n fi ọ̀dà àti sílàǹtì dí i, tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ omi òjò á wọ àárín ẹ̀, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ níbi tójú ò tó. Ẹ tún máa nílò rímù tó fẹ̀ tàbí spacer, irin tó ń ti rímù síta, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ táyà á rì sínú bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹni tí kò bá tíì fi kíìtì kankan sí mọ́tò rí, kó má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi fún ọ̀nà wa níbí: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú líìpù kékeré, side skirt àti spoiler tí kò ga. Tó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí kò fọ́, ẹ lè wá ronú nípa bọ́ńpà odindi.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é

Ibí yìí lowó ti máa ń ṣòfò jù, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Fáíbà ló pọ̀ jù lọ́jà, òun ló sì dínwó jù. Résìn àti máàtì tó dà bí òwú funfun ni wọ́n fi ń ṣe é, ó fúyẹ́, ó le, àmọ́ kì í tẹ̀, tó bá ti gbá òkúta ó máa là ni tàbí kó fọ́ wẹ́wẹ́. Ohun tó dáa nípa ẹ̀ ni pé ó ṣe é tún ṣe, àwọn tó ń ṣe fáíbà wà nílùú wa, wọ́n á fi máàtì àti résìn lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, wọ́n á fá a, ẹ ò ní mọ ibi tó ti là.

PU, ìyẹn polyurethane, ó dà bíi rọ́bà, ó wúwo ju fáíbà lọ, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó padà sípò. Tó bá gbá bọ́ǹpù jẹ́ẹ́jẹ́ ó máa fi ara rọ́ ọ kọjá ni. Wàhálà ẹ̀ ni pé tó bá pẹ́ nínú páálí tí wọ́n ká a kò, ó máa ń wọ́, ẹ máa ní láti tẹ́ ẹ sóòrùn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kó rọ̀, kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ tò ó padà. Oòrùn Abẹ́òkúta tó bẹ́ẹ̀ dáadáa, mi ò lo iná rí.

ABS àti PP, pílásítíìkì tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ni wọ́n. PP ni èyí tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mọ́tò fi ń ṣe bọ́ńpà tó bá mọ́tò wá. Wọ́n máa ń tò dáadáa ju fáíbà lọ tórí ẹ̀rọ kì í ṣe àṣìṣe bí ọwọ́. ABS le díẹ̀, ó lè là tó bá gbá nǹkan, PP máa ń tẹ̀. Kábọ́ọ̀nù fáíbà ní tiẹ̀, ó fúyẹ́, ó rẹwà, ó wọ́n, oòrùn sì máa ń sọ ojú ẹ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú tí ọ̀dà dídán tó bò ó ò bá ní ohun tó ń gba oòrùn sílẹ̀, nílùú wa tí oòrùn ò ti ń ṣeré, ẹ máa fi spray dídán tún un bò látìgbàdégbà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí wọ́n gbé fún yín? Ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Fáíbà, ẹ máa rí òwú ẹ̀ kedere, ó máa ń yún èèyàn tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rá a. Pílásítíìkì àti PU, ẹ̀yìn wọn máa ń dán, wọ́n sì sábà máa ń tẹ lẹ́tà kékeré sí i láàárín àmì méjì báyìí >PP<, >ABS<, >PUR<, tẹ́ ẹ bá rí >PP+EPDM< náà, PP tí wọ́n fi rọ́bà pò ni. Ẹni tó bá sọ pé PU lòun ń tà tẹ́ ẹ sì rí òwú lẹ́yìn ẹ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Tó bá jẹ́ fáíbà lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé e síta nínú oòrùn, ẹ fi ojú yín sún mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sá lọ lójú ẹ̀, tó bá ń rú bí omi odò Ògùn, pọ́tí tó pọ̀ ni pẹ́ńtà máa fi tò ó, pọ́tí yẹn ló sì máa là lọ́la. Ẹ fi èékánná kan án káàkiri, ibi tí ohùn ẹ̀ bá ti yàtọ̀, afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀. Ẹ wo etí ẹ̀ kó nípọn bákan náà, ẹ wo ibi tí bóòtì ń wọ̀ kí wọ́n ti fi máàtì kún un níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń pín in nìyí: ohun tó bá sún mọ́ ilẹ̀, líìpù, bọ́ńpà iwájú, side skirt, PU tàbí PP ni kẹ́ ẹ wá, kódà kó wọ́n díẹ̀. Ohun tó bá wà lókè tí nǹkan ò lè gbá, spoiler, bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà, ẹ ra fáíbà láìbẹ̀rù. Tẹ́ ẹ bá ṣe òdìkejì ẹ̀, bí mo ṣe rí i lára mọ́tò púpọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ nìyẹn, spoiler olówó gọbọi, bọ́ńpà iwájú tí wọ́n fi wáyà so.

Ìṣirò owó

Ẹ má wo iye tí wọ́n kọ sára kíìtì nìkan. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sórí ìwé: kíìtì, owó gbígbé, panẹ́ẹ̀lì bítà, ọ̀dà, bóòtì àti gọ́ọ̀mù, ẹni tó máa tún wáyà iná so. Lọ́dọ̀ tèmi, iye tí mo ná lẹ́yìn tí bọ́ńpà délé ju iye tí mo fi rà á lọ, mo sì ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn mìíì. Tí gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ yín bá jẹ́ iye kíìtì gẹ́lẹ́, ẹ ṣì lọ fi pamọ́ ná.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á láti òkè òkun, ẹ̀rù gbígbé ló máa yà yín lẹ́nu. Àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù kì í wo bó ṣe wúwo nìkan, wọ́n máa ń wo bí páálí ẹ̀ ṣe tóbi tó. Wọ́n á fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po ara wọn, wọ́n á pín in sí 5000, ohun tó bá jáde ni kílò tí wọ́n máa gbowó lé tó bá pọ̀ ju ìwọ̀n gidi lọ. Páálí bọ́ńpà tó gùn ní 180, tó fẹ̀ ní 60, tó ga ní 50, ó máa jẹ́ 540,000, ẹ pín in sí 5000, kílò 108 nìyẹn, bọ́ńpà inú ẹ̀ sì lè má wúwo ju àpò gaàrí kékeré lọ. Àwọn mìíì máa ń pín in sí 6000, á wá di 90, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń lò kẹ́ ẹ tó sanwó. Orí omi dínwó púpọ̀, àmọ́ ó ń pẹ́, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti VAT ìdá 7.5 nínú 100 ṣì wà níwájú. Ohun tó mọ́gbọ́n wá ni pé kẹ́ ẹ̀yin méjì mẹ́ta tẹ́ ẹ ń wa irú mọ́tò kan náà kó ẹrù yín pọ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rà á

Èkó ni ọjà ńlá wà, Ládípọ̀ ní Muṣin àti ASPAMDA ní Trade Fair. Ẹ má ránṣẹ́ rà á, ẹ lọ fúnra yín, ẹ wọ reluwé ní Láderin, ẹ sọ̀ ní Agége tàbí Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta kẹ́ ẹ wá wọ mọ́tò débẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rà á, mọ́tò tó ń bọ̀ ní Kútọ̀ lè gbé e wá. Ẹ mú téèpù dání, ẹ mú fọ́tò iwájú mọ́tò yín, ẹ mú iye tẹ́ ẹ ti wọn láti bóòtì kan sí èkejì lára bọ́ńpà yín, pàápàá láti igun fẹ́ńdà ọ̀tún sí tòsì. Ẹ wọn tọjà níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá ní ẹ ò lè wọn ọjà òun, ẹ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń kọ, "style". Tí wọ́n bá kọ Liberty Walk style tàbí Mugen style, kì í ṣe iléeṣẹ́ yẹn ló ṣe é, ẹlòmíì ló wò ó ṣe. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á o, owó wa ò dọ́gba, àmọ́ owó ojúlówó kọ́ lẹ máa san fún un, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé panẹ́ẹ̀lì bítà á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ dáadáa kó tó tò. Èyí tí wọ́n bá pè ní "universal", kò sí mọ́tò kan pàtó tí wọ́n wọ̀n nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Tó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ ní kó ya fídíò ọjà náà nísinsìnyí, kó yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, kó fi téèpù lé e, kó dárúkọ yín nínú fídíò. Kí orúkọ àkáǹtì bá orúkọ ṣọ́ọ̀bù mu. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí yín pé tí kò bá wọ mọ́tò yín, òun á gbà á padà níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ò bá tíì kùn ún tẹ́ ẹ ò sì tíì lu ihò sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo gbà lọ́jọ́sí, ẹ ti gbọ́ ibi tó já sí. Nígbà tẹ́ ẹ bá lọ gbà á ní gáréèjì, ẹ ya fídíò páálí kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ tú u lójú dírébà.

Ẹ gbé e lé mọ́tò kẹ́ ẹ tó ronú ọ̀dà

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan tó kù, ẹ má gbàgbé èyí. Kò sí ọ̀dà tó gbọ́dọ̀ kan kíìtì títí á fi jókòó lára mọ́tò.

Ẹ tú bọ́ńpà àtijọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ má tà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gbé e jù síbì kan. Irin ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́, èyí tó nà láti ọ̀tún dé òsì pẹ̀lú fóòmù tó wà níwájú ẹ̀? Òun ló ń gba ìjàǹbá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Panẹ́ẹ̀lì bítà kan fẹ́ gé e lára mọ́tò mi kí bọ́ńpà lè wọlé, mo ní rárá. Kíìtì tó bá jẹ́ pé àyàfi tẹ́ ẹ bá yọ irin yẹn ló máa wọlé, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Bẹ̀rẹ̀ láti àárín òkè níbi bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi téèpù aláwọ̀ búlúù àwọn pẹ́ńtà mú un dúró, ẹ má lu ihò kankan. Ẹ gbé iwájú, side skirt méjèèjì àti ẹ̀yìn sókè pa pọ̀ kẹ́ ẹ tó so ọ̀kan mọ́lẹ̀, tórí tẹ́ ẹ bá ti so iwájú pa, tí side skirt wá ṣẹ́ kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ fẹ́ńdà, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín bọ́ńpà àti iná, kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Fáíbà tó há díẹ̀, wọ́n lè fá a, wọ́n lè fi máàtì kún un, ìyẹn ò burú, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn kó tó di ti ọ̀dà.

Ẹ yí sítíárìn débi tó pin lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ gbọ́ bóyá táyà ń fi ara nu nǹkan. Ẹ gbé èèyàn mẹ́rin sínú ẹ̀, ẹ tún yí i. Ẹ wo bóyá ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ bá rediétọ̀ kò kéré ju ti tẹ́lẹ̀, bóyá pílásítíìkì abẹ́ ẹ̀ ṣì ṣe é dá padà, tórí òun ló ń darí afẹ́fẹ́ sí rediétọ̀ tẹ́ ẹ bá ń sáré, bọ́ńpà tó rẹwà tí ẹ́ńjìnnì wá ń gbóná lọ́nà Ṣàgámù, kí la fẹ́ fi í ṣe? Ẹ wo ibi tí fọ́ọ̀gì láìtì, sẹ́ńsọ̀ páàkì àti ihò ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa mọ́tò wà. Tẹ́ ẹ bá ti fi bóòtì mélòó kan àti téèpù so ó, ẹ wà á díẹ̀díẹ̀ láàárín àdúgbò kẹ́ ẹ wo ibi tó ti ń mì.

Ọ̀dà

Nọ́ńbà ọ̀dà mọ́tò yín wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn tàbí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi í po ọ̀dà, ẹ má jẹ́ kí pẹ́ńtà fojú díwọ̀n ẹ̀. Oòrùn ti ṣá ara mọ́tò tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọ́n díẹ̀ sára páálí kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńdà nínú oòrùn, kẹ́ ẹ wò ó.

Fáíbà tuntun ní epo tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú móòdù, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí pẹ́ńtà fi sánpépà ha á, kó wá lo primer, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń po hardener mọ́ kó lè le. Dúdú tàbí eérú tó bá a wá láti iléeṣẹ́ kì í ṣe primer o, ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà ló ń ṣe àṣìṣe yìí, wọ́n á fọ́n ọ̀dà lé e bẹ́ẹ̀, oṣù kejì ó ti ń ṣí. PP ní tiẹ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fọ́n adhesion promoter sí i, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ pílásítíìkì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọ̀dà á bó bí èèpo ẹ̀pà. PU, wọ́n máa po flex additive mọ́ ọ̀dà kí ọ̀dà lè máa tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Tí pẹ́ńtà yín bá ní òun ò mọ flex additive, tó sì jẹ́ PU lẹ rà, ẹ wá pẹ́ńtà mìíì.

Ìgbà ọyẹ́, eruku á bà lé e kó tó gbẹ. Ọjọ́ tí òjò ṣú, ọ̀rinrin á jẹ́ kí ọ̀dà dídán yẹn di funfun lójú. Ẹ mú àárọ̀ ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, kó sì wà nínú ilé tí wọ́n ta tapólì yí ká, kì í ṣe ìdí igi máńgòrò.

Líìpù tó jẹ́ téèpù olójú méjì nìkan ló ń dì í mú, ẹ fi spirit nu ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ gidi, ẹ má fọ mọ́tò fún wákàtí 72, ìgbà yẹn ni gọ́ọ̀mù ẹ̀ ń dé ojú agbára ẹ̀. Èmi ò fọkàn tán téèpù nìkan, mo máa ń fi skúrù díẹ̀ kún un lábẹ́ níbi tí kò hàn.

Tẹ́ ẹ bá yí àwọ̀ mọ́tò padà nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kùn kíìtì, ẹ lọ yí i padà nínú ìwé mọ́tò, tórí àwọ̀ wà níbẹ̀, ọlọ́pàá sì máa ń wò ó. Nọ́ńbà iwájú gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa wà kó hàn dáadáa, bọ́ńpà míì ò ní àyè fún un, FRSC á dá yín dúró.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé mọ́tò sókè lórí jáákì tó dúró dáadáa, ẹ fi sípánà tún gbogbo bóòtì kíìtì yẹn fún, ọ̀nà wa máa ń tú wọn. Mo bá méjì tó ti ń já bọ́ lábẹ́ side skirt ọ̀tún tèmi nígbà àkọ́kọ́, látìgbà yẹn mo máa ń fi washer tó fẹ̀ sábẹ́ bóòtì kí fáíbà má bàa là láti ojú ihò.